Èkó Tí Àwọn Ìbejì Wa Ń Lọ

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi, bẹ́ẹ̀ ni mi ò gbọ́ ọ lórí rédíò. Ọkùnrin kan wà ní Èrúwà tó ń sọ ìtàn yìí kiri ìdí ẹmu, tó ń ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Irọ́ ló ń pa. Bó bá wà níbẹ̀, orí àga wo ló jókòó lé? Èmi ni mo ni gbogbo àga tó wà nínú gbọ̀ngàn ọ̀hún, mo sì mọ ìdí tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, títí kan àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti fẹ́ yẹ̀, tí mo fi sábẹ́ ọkùnrin alátajà oògùn kan tó wọlé tí kò kí mi.

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo máa ń yá aráyé ní àga, kánópì, jẹnẹrétọ̀ àti máìkì. Láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, títí lọ dé Igangan, ìnáwó tí kò bá sí àga mi níbẹ̀, ìdúró ni wọ́n dúró ṣe é. Ìwé kẹta ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tíṣà mi sì sunkún lọ́jọ́ tí mo lọ. Àwọn kan ní ẹkún ayọ̀ ni. Ìlara ló ń dà wọ́n láàmú.

Lọ́dún tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń wo ọmọdé kọ́kọ́ wá ṣe ìpàdé wọn nílùú wa, èmi ni wọ́n pè. Wọ́n ní torí ìbejì ni àwọn ṣe yan Igbó-Ọrà, kí àwọn tó ń fi ìwé wádìí ọ̀rọ̀ ọmọdé lè rí ibi tí ìbejì pọ̀ sí. Wọ́n ti Ìbàdàn wá, wọ́n ti òkè Ọya wá, òyìnbó kan wà láàrin wọn tí oòrùn wa sun tí ó pọ́n bí ata rodo. Mo to àga, mo ta kánópì síta fún àwọn ìyá ọmọ, mo tan jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ń darí ètò gba máìkì mi, ó ní, “Ní báyìí, a fẹ́ kí alága dìde, kó wá jókòó sí àyè rẹ̀ níwájú.”

Mo dìde. Ta ni kó tún dìde? Ẹni tó ni aṣọ là ń pè ní aláṣọ, ẹni tó ni ata là ń pè ní aláta. Ẹni tó wá ni àga ńkọ́? Mo gbé fìlà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rọra rìn lọ síwájú bí ẹni tí ìlú ń wò, mo jókòó. Àṣé ìyá àgbà kan ni alága tí wọ́n ń pè, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtọ́jú ọmọdé, tí irun orí rẹ̀ funfun bí òwú. Ó wá dúró tì mí. Ó wò mí, ó wo àga. Mo fẹ́ dìde, ó fọwọ́ tẹ èjìká mi.

Ó ní, “Ẹ má dìde, Alága. Ẹ̀yin lẹ ni ín. Èmi kàn wá yá a jókòó ni.”

Ó ní kí wọ́n gbé àga mìíràn wá fún òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láti ọjọ́ náà, gbogbo dókítà tó ń fọwọ́ kan ọmọ ní agbègbè yìí, Alága ni wọ́n ń pè mí. Ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, ní yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi mí ṣe.

Mo ní, “Yẹ̀yẹ́ wo ni wọ́n ń fi àga iwájú ṣe?”

Ó ní, “Ẹ̀yin náà lẹ gbé àga ọ̀hún lọ síbẹ̀, Bàbá Ìbejì.”

Mo fẹ́ràn àwọn dókítà wọ̀nyí, mi ò ní purọ́. Mo ti kó àga lọ sí ìpàdé olóṣèlú, wọ́n fi í fọ́ orí ara wọn. Mo ti kó o lọ sí ìpàdé ẹbí tí wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀, mo sì ṣa ìyókù rẹ̀ lábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n ìpàdé àwọn dókítà ọmọdé! Bí ọ̀kan bá sọ̀rọ̀ tí kò bá èkejì lára mu, èkejì á nawọ́ sókè, á kọ́kọ́ dúpẹ́, á yìn ín débi tí inú ẹni náà á fi dùn, ìgbà yẹn ló máa tó sọ pé kò sí òótọ́ kankan nínú ohun tó sọ. Wọ́n lè fi odidi àárọ̀ jiyàn lórí ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́, bóyá ó ṣàn ni o, bóyá ó ki ni o. Kò ní di ìjà. Aago kékeré kan wà lórí tábìlì. Bí àsìkò ẹnìkan bá tán, wọ́n á lù ú, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti ń sán bí ààrá á sì gbé ẹnu dákẹ́. Mo sọ nílé pé mo fẹ́ wá irú aago yẹn fún ìyàwó mi. Ó ní ọ̀rọ̀ kò tíì dé ẹnu òun rí kí n tó gbà á sọ, pé èmi ni aago tọ́ sí.

Bí ọmọ bá ké níbẹ̀ ńkọ́? Níbi ìpàdé mìíràn, wọ́n á ní kí ìyá rẹ̀ gbé e jáde. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ á dánu dúró, á na ọrùn, á bèèrè pé ṣé ó ti mu ọmú. Ojú mi báyìí ni ọ̀jọ̀gbọ́n onírun funfun yẹn ṣe gba ọmọ ọlọ́mọ, ó fi ìborùn ara rẹ̀ pọ̀n ọ́n, ó ń jó rọ́ọ́rọ́ọ́ níbi tó dúró sí, ó sì ń fi òyìnbó bá ọkùnrin kan jiyàn lọ́wọ́ kan náà. Ọmọ sùn. Ọkùnrin yẹn náà gbà.

Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan ló di ọmọ ilé wa. Ọmọ ilẹ̀ Ìgbò ni, ọ̀dọ́kùnrin, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ẹ̀gẹ́. Ẹgbẹ́ wọn ló fi í sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà kó máa wádìí bí àwọn ìbejì wa ṣe ń ṣe sí. Ó fúnra rẹ̀ kọ́ Yorùbá, ó gbọ́ ọ yékéyéké, ṣùgbọ́n kò mọ ohùn í fi sí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló tẹ́ pẹrẹsẹ bí pákó. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ ro ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ló bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta irinṣẹ́ oko. Mo wà níbẹ̀, mo wá ra okùn kánópì.

Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ kaasan, ma. Mo n wa ọkọ. Eyi to lagbara.”

Obìnrin náà fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní, “Èmi náà ń wá a, dókítà. Bẹ́ẹ bá rí méjì, ẹ má gbàgbé mi.”

Gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Inú kì í bí i. Òun gan-an á máa sọ ọ́ fún ènìyàn, á máa rẹ́rìn-ín. Báyìí ló ṣe di ẹni tí ilẹ̀kùn kankan kì í tì mọ́ nílùú wa, tí wọ́n á ti bu ìlasà síwájú rẹ̀ kó tó jókòó, tí àwọn ìyá á sì máa kìlọ̀ fún un pé, “Dókítà, ẹ má jẹ ẹ́ jù o, ìbejì ni ìyàwó yín máa bí fún yín.” Òun á ní òun ò tíì ní ìyàwó. Wọ́n á ní, “Ọkọ tí ẹ ń wá ńkọ́?”

Iṣẹ́ tó ń ṣe láti ojúlé dé ojúlé lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ kì í ṣe eré. Ẹgbẹ́ wọn ti rí ohun èlò yàrá ìgbóná kan gbà: yàrá tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé, tí wọ́n ń mú un gbóná, tí wọ́n ń fún un ní atẹ́gùn títí á fi lè dá èémí mí. Ìlú kan ṣoṣo ni yàrá náà máa kàn. Ìpàdé ọdún náà ni wọ́n ti máa mú ìlú ọ̀hún, ìlú tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sì ti ń kú jù lọ ni wọ́n máa mú. Dókítà wa ló máa sọ bí tiwa ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ yàrá yìí kàn mí ju àga mi lọ. Ọmọbìnrin mi, àkọ́bí mi, tó jẹ́ ìbejì, wà nínú oyún nígbà náà, wọ́n sì ti wò ó rí pé ọmọ méjì ló wà níbẹ̀. Ìbejì fẹ́ bí ìbejì! Mo ti ròyìn rẹ̀ dé Igangan. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti pe ìyá rẹ̀ sẹ́yìn ilé ìwòsàn, ó ní kí a fojú sọ́nà, ó dà bíi pé àwọn ọmọ yìí kò ní dúró dé ìgbà tiwọn. Tí yàrá bá wà nílùú wa, kò séwu. Tí kò bá sí, Ìbàdàn ni, ẹ sì mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí.

Dókítà dé ilé wa ní ọ̀sán kan. Mò ń jẹ iṣu lọ́wọ́. Ó jókòó ti ìyàwó mi lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, “Iya Ibeji, ibeji yin nkọ? Awọn mejeeji wa?”

Ìyàwó mi kò gbójú sókè nínú ẹ̀gúsí tó ń ṣà. Ó ní, “Ọ̀kan wà níbí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan lọ sí Èkó.”

“O dara. Ta lo n tọju rẹ ni Eko?”

“Àwọn ará ibẹ̀ ni.”

“Ṣe o maa n wale?”

“Kò tíì ráyè.”

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó jẹ iṣu kan nínú tèmi, ó lọ.

Ọmọ Yorùbá tó bá ń ka èyí ti mọ Èkó tí ìyàwó mi ń wí. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ìbejì kì í kú lẹ́nu àwa. Ọmọ mìíràn lè kú, kí á sunkún, kí á ní ó kú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ikú sí i, kí èyí tó kù má baà gbọ́, kó ní òun ń tẹ̀ lé èkejì òun. A ó ní ó rìnrìn-àjò. A ó ní ó lọ sí Èkó. Nígbà tí ọmọ mi wà ní kékeré, ó máa ń bi wá ìgbà tí èkejì rẹ̀ ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ á ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tó yá, kò bi wá mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kò sí ẹni tó máa gba ọ̀rọ̀ yẹn sọ mọ́ ìyá ìbejì lẹ́nu, ọkọ rẹ̀ ni o, ọba ìlú ni o. Bí dókítà ṣe ń lọ láti ilé dé ilé nìyẹn, tí àwọn ìyá ń sọ fún un pé Èkó, Èkó, tí òun náà ń kọ Èkó.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Mo to àga lọ́jọ́ náà bí ẹni to ẹyin. Àwọn dókítà wà níwájú, àwọn ìyá wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lẹ́sẹ̀. Ìyàwó mi àti ọmọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí aboyún. Mo fún un ní àga méjì, ọ̀kan fún ìdí, ọ̀kan fún ẹsẹ̀. Bí òyìnbó bá ti ń jáde lẹ́nu àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì kan ń fi máìkì kejì sọ ọ́ ní Yorùbá kí àwọn ìyá lè gbọ́.

Ó kan dókítà wa. Ó wọ kóòtù tó tóbi jù ú lọ. Wọ́n fi iná ya àwòrán sára ògiri, àwọn òpó méjì. Òpó pupa ni ti àwọn ìbejì tó kú. Ó kúrú bíi kùkùté. Òpó aláwọ̀ ewé ni ti àwọn tí wọ́n kó lọ sí Èkó. Ẹ̀yin ará, ó ga bí ọ̀pẹ!

Nọ́ọ̀sì ní, “Dókítà ní ìbejì Igbó-Ọrà kì í sábà kú.” Kò wojú wa. Ọmọ ìlú wa lòun náà. “Wọ́n ní ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń dun àwọn. Wọ́n ní wọ́n ń kó ọ̀kan nínú ìbejì lọ sí Èkó láti kékeré. Wọ́n ní òmíràn kò tíì lè gbé ọrùn ró tí wọ́n fi ń kó o lọ. Wọ́n ní ta ló ń kó wọn? Wọ́n ní kí ìjọba jọ̀wọ́ bá wa wá àwọn ọmọ yìí rí.”

Mo wo dókítà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ọmọ ọlọ́mọ, ó ti ń rò ó ní òun nìkan láti ìgbà yìí wá pé àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ń jí ọmọ wa kó, kò sì fẹ́ fi ẹ̀sùn kan ìyá kankan!

Kùn-kùn-kùn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn.

“Èkó wo ló ń sọ?”

“Èkó wa náà ni.”

“Háà! Dókítà wa yìí.”

“Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí ojú ọmọ náà ni?”

Dókítà kan láti ìlú mìíràn nawọ́ sókè. Ó dúpẹ́, ó yin dókítà wa. Lẹ́yìn náà ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, yàrá ìgbóná kò yẹ Igbó-Ọrà, kí wọ́n gbé e lọ síbi tí ọmọ ti ń kú. Mo rí orí tó ń mì níwájú, orí kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n ń mì í lórí àga mi! Mo wo ẹ̀yìn, mo rí ọmọ mi. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n onírun funfun lu aago. Àsìkò ẹnikẹ́ni kò tíì tán. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó fi òyìnbó sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ó ní, “Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Mo mọ Èkó tí ẹ ń wí. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ni, kì í ṣe ọmọ mi, ẹnu mi kọ́ ló yẹ kó ti jáde. Ṣé ẹnìkan lè bá wa júwe Èkó náà fún àwọn tí kò débẹ̀ rí?”

Ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó fọwọ́ bò ó létí. Ṣé ẹ rí i, èyí tó kù ló wà lẹ́yìn wọn yẹn, èyí tó kù ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ta ló máa sọ ọ́ níṣojú rẹ̀?

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá yí ojú sí mi. “Alága, ẹ bá wa dá sí i.”

Mo gba máìkì. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ẹnu yìí ti dá ìjà dúró ní gáréèjì. Ẹnu yìí ti polongo ìkómọ, ìsìnkú, ìwúyè, ó ti fi orúkọ yin àwọn tí kò ní iyì kankan, ayé sì gbà. Mo dúró ṣánṣán. Mo ní, “Ẹ gbọ́ mi bí? Wọ́ọ̀nù, tuú. Wọ́ọ̀nù, tuú.” Máìkì ń dún dáadáa. Mo ní, “Èkó…” Ó tán síbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ẹ̀rù kì í bà mí. Ọmọ mi ló ń wò mí.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ìyàwó mi ti dìde.

“Bàbá Ìbejì, ẹ gbé e wá.”

Mo gbé e fún un. Obìnrin tí kò sọ̀rọ̀ lórí máìkì rí. Ó gbé e mọ́ ẹnu jù, ó ń pariwo. Ó kọ́kọ́ yíjú sí ọmọ wa.

“Ìwọ, di etí ẹ.”

Ọmọ wa ní, “Màámi, mo ti mọ̀ tipẹ́.”

“O ti mọ kí ni?”

“Mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mi ò bi yín mọ́. Ẹ̀yin ni mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.”

Ìyàwó mi dúró, ó ń wò ó. Mi ò mọ bí ojú ènìyàn ṣe lè rẹ́rìn-ín kó tún máa sunkún lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n mo rí i lọ́jọ́ yẹn. Ó wá kọjú sí iwájú.

“Dókítà, ọmọ mi. Ẹ má bínú sí mi. Èkó tí mo sọ fún yín, mọ́tò kì í lọ síbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa ni, nídìí igi ọsàn. Oṣù wọn kò pé nígbà tí mo bí wọn. Ó kéré. Ó ń tutù, a fi aṣọ wé e, a dá iná, ó ṣì ń tutù. Ọmọ mi kú. Kò lọ síbì kankan. Ó kú.”

Ó gbé máìkì sílẹ̀. Ìyá mìíràn dìde lẹ́yìn, ó ní, “Tèmi náà, Èkó kan náà ni.” Òmíràn dìde. Lẹ́yìn náà mi ò lè sọ ẹni tó tẹ̀ lé ẹni, wọ́n kàn ń dìde ni, àga mi ń dún lábẹ́ wọn. Nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ dìde dúró dáadáa, ó sọ ti ara rẹ̀ ní Yorùbá, kò túmọ̀ rẹ̀.

Dókítà wa kúrò níwájú. Ó bọ́ kóòtù ńlá yẹn, ó rìn wá sẹ́yìn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin àwọn ìyá. Mo gbé àga fún un, ó kọ̀ ọ́. Òun nìkan ló kọ àga mi rí tí mi ò bínú.

Ó ní, “Ẹ jọọ, ẹ tun sọ fun mi lati ibẹrẹ.”

Obìnrin tó ń ta irinṣẹ́ oko, tí òun náà jẹ́ ìyá ìbejì, fi ìkángun ìró rẹ̀ nu ojú. Ó ní, “Ẹni tó ń wá ọkọ lọ́dọ̀ mi, báwo ló ṣe máa mọ Èkó?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àti àwọn tó ń sunkún. Dókítà pàápàá rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn dókítà yòókù gbé àga wọn, wọ́n wá yí àwọn ìyá ká. Ẹnikẹ́ni kò lu aago mọ́. Oúnjẹ ọ̀sán tutù sínú kúlà, aláṣè ń bínú, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n padà nawọ́ láti mú ìlú, ọwọ́ dókítà tó sọ pé kí wọ́n gbé yàrá lọ síbòmíràn ló kọ́kọ́ lọ sókè. Igbó-Ọrà ni wọ́n mú. Orí àga mi ni wọ́n ti mú un, mo sì ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wá yá àga láti ìgbà náà, yálà ó bi mí ni tàbí kò bi mí.

Wọ́n kó ẹrù jáde nínú yàrá ìkẹ́rùsí kan nílé ìwòsàn, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n ń wá ẹni tó máa fa iná rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ wò ó. Mo sọ fún àwọn kunlékunlé bí wọ́n ṣe máa kùn ún. Wọn ò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n wọ́n kùn ún bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi kò dúró de iná. Ní òwúrọ̀ kan ó ní inú ń dun òun, kí oòrùn tó mú, ọmọ méjì ti dé, ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọn ò ju ọmọ ológbò lọ. Ara ìyá wọn kò gba ìrìn. Mọ́tò ilé ìwòsàn ti gbé ẹlòmíràn lọ. Mo da gbogbo àga inú mọ́tò mi sílẹ̀ lójú títì, mi ò wẹ̀yìn. Dókítà bọ́ ẹ̀wù, ó gbé ọkùnrin lé àyà rẹ̀ lásán, ó fi aṣọ dì í mọ́ ara. Ó ní ìyàwó mi náà kó ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú obìnrin, pé ara ènìyàn ni yàrá ìgbóná tí a ní báyìí. A kọrí sí Ìbàdàn.

Èmi ni awakọ̀ tó mọ ọ̀nà yẹn jù, mo mọ gbogbo kòtò ibẹ̀ bí ẹni mọ eyín ẹnu rẹ̀. A kọjá Èrúwà. Dókítà ń kọrin kan ní èdè wọn sí ọmọ létí láti ìgbà tí a ti gbéra. Lẹ́yìn Èrúwà, ó dákẹ́. Mo wo dígí. Ó ṣì dì í mọ́ra bó ṣe dì í mọ́ra tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń wo ìta. Mi ò bi í. Mo tẹ mọ́tò síwájú nítorí ọmọ obìnrin.

A fi ìyàwó mi àti ọmọ obìnrin sílẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti gba ọmọ náà sí yàrá ìgbóná tiwọn. Èmi àti dókítà la padà. Kò sọ̀rọ̀, èmi náà kò sọ̀rọ̀, ìyẹn sì ni ìrìn-àjò kan ṣoṣo tí mo rìn tí mi ò sọ̀rọ̀.

Ó ní òun ló máa sọ fún ìyá ọmọ. Ó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó di ọwọ́ pọ̀ sẹ́yìn.

Ó ní, “Obìnrin wà dáadáa. Ọkùnrin… ó lọ sí Èkó.”

Gbogbo ohùn ọ̀rọ̀ náà bọ́ sójú ibi tó yẹ, òkè lókè, ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọmọ mi nawọ́, ó fà á lọ́wọ́ kó jókòó.

Ó ní, “Rárá, dókítà. Ó kú. Ẹ kọ ọ́ mọ́ pupa.”

Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Yàrá náà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ìbejì ń wọ ibẹ̀, ìbejì ń jáde. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ti ń sáré, dókítà ló máa ń gbé e lé ọrùn tí ìpàdé bá dé, ọmọ náà ti ń kọ́ ọ ní Yorùbá tó dára ju èyí tó fúnra rẹ̀ kọ́ lọ. Níbi ìpàdé tó kọjá, nígbà tí mò ń to àga, dókítà wá bá mi. Ó ní, “Alaga, ẹ o sọ tiyin ri. Iya lo sọrọ, ọmọ lo sọrọ.”

Mo ní kó jókòó. Ó jókòó. Mo ka tiwa fún un, mo sì kà á síbí pẹ̀lú.

Èmi àti ìyàwó mi bí mẹ́fà. Ọ̀kan nínú ìbejì kú. Ibà pa àbúrò wọn kan. Ọmọ mi bí méjì. Ọkùnrin kú.

Mẹ́ta ló kú.